Yàrá Ọ̀tọ̀ nínú Kọ̀ǹpútà

Ẹni tí ó bá wọ ọjà Mile 12 ní kùtùkùtù òwúrọ̀ yóò gbọ́ ariwo púpọ̀, yóò sì fi ẹsẹ̀ tẹ ẹrẹ̀ bí ó bá jẹ́ ìgbà òjò. Ṣùgbọ́n bí ó bá fara balẹ̀ wò ó, yóò rí i pé ọjà náà ní ètò. Tòmátò ní ìsọ̀ tirẹ̀, àlùbọ́sà ní tirẹ̀, iṣu sì ní ibi tí a ń tò ó sí. Kì í ṣe nítorí ẹwà ni a ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ tòmátò tí ó ti Òkè Ọya wá nínú ọkọ̀ kò lè ṣe kí ó má ní èyí tí ó ti rà nínú, omi èyí tí ó rà yóò sì máa ṣàn sílẹ̀. Bí a bá gbé irú apẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lé orí àlùbọ́sà, kò ní pẹ́ tí àlùbọ́sà náà yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Nítorí náà ni àwọn ọlọ́jà ṣe ya ohun tí ó máa ń tètè bàjẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a fẹ́ kí ó pẹ́.

Bí ènìyàn bá kúrò nínú ọjà yìí, tí ó gba ọ̀nà Ìkòròdú padà sí Kétu, tàbí tí ó yà sí Ìkòsì, yóò rí àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké níbi tí a ti ń tẹ̀wé, tí a ti ń ṣe ẹ̀dà ìwé, tí a sì ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó ṣe ni láàánú pé ọgbọ́n tí ó wà lọ́wọ́ alálùbọ́sà kì í sábà sí nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí ó wà níbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, tòmátò àti àlùbọ́sà wà nínú apẹ̀rẹ̀ kan náà.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé ẹni tí kò tí ì tú kọ̀ǹpútà wò rí, ó yẹ kí a mọ̀ pé ohun kan wà nínú rẹ̀ tí a ń pè ní dísìkì. Dísìkì ni àká kọ̀ǹpútà. Ohun tí a bá kó sínú rẹ̀ kì í sọnù bí iná bá tilẹ̀ lọ. Oríṣi ohun méjì ni ó sì wà nínú àká yìí. Èkíní ni ètò aṣàkóso, èyí tí ó ń jí kọ̀ǹpútà, tí ó ń gbọ́ ohun tí a tẹ̀, tí ó ń fi ọ̀rọ̀ àti àwòrán hàn lójú rẹ̀, tí ó sì ń rán iṣẹ́ sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Windows ni gbogbo ènìyàn mọ̀ jù nínú irú ètò bẹ́ẹ̀. Linux náà wà, òun ni ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga Helsinki kan, Linus Torvalds, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991, tí a sì lè gbà láìsan kọ́bọ̀. Èkejì ni iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí ó ni kọ̀ǹpútà: lẹ́tà rẹ̀, ìṣirò owó rẹ̀, àwòrán ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, ìwé àṣekágbá tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ.

Nínú méjèèjì yìí, ètò aṣàkóso ni ó máa ń tètè bàjẹ́. Iná tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ lè bà á jẹ́ níbi tí ó ti ń kọ nǹkan lọ́wọ́. Kòkòrò fáírọ́ọ̀sì tí ó tinú fíláàṣì ẹlòmíràn wá lè bà á jẹ́. Ó sì lè gbó lásán, kí ó di dandan láti fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Bí ó bá bàjẹ́, kò burú jù, nítorí pé a lè rí òmíràn gbà lọ́la. Ṣùgbọ́n ìṣirò owó ọdún mẹ́ta, kò sí ọjà tí a ti ń tà á.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀ràn tí ó wọ́pọ̀. Ìyá kan ń ta tòmátò lọ́pọ̀ ní Mile 12, ọmọ rẹ̀ sì ti bá a kó orúkọ gbogbo àwọn tí ó gbà á láwìn sínú kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú iye apẹ̀rẹ̀ àti iye owó tí ó kù lọ́rùn ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ kan kọ̀ǹpútà náà kọ̀, kò jí mọ́. Ìyá gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ẹnjiníà. Ẹnjiníà tàn án, ó wò ó títí, ó ní, “Màmá, Windows rẹ̀ ni ó bàjẹ́. Àfi kí a fọ́máàtì rẹ̀.”

Ìyá béèrè pé, “Ṣé kò ní kan àkọsílẹ̀ mi, ọmọ mi?”

“Ojú kan náà ni gbogbo rẹ̀ wà, Mà.”

Nínú gbólóhùn kékeré yìí ni gbogbo ọ̀ràn náà wà. Fọ́máàtì túmọ̀ sí pé kí a gbá ilẹ̀ àká náà mọ́ pátápátá kí a tó kó ètò tuntun wọ inú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àká tí kò ní ògiri láàrin ni, ohun tí ó bàjẹ́ àti ohun tí kò bàjẹ́ ni a ó jọ gbá síta. Òtítọ́ ni pé Ẹnjiníà tí ó mọṣẹ́ lè kọ́kọ́ yọ dísìkì náà, kí ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ó sì ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ìyá kí ó tó gbá a. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wákàtí púpọ̀ ni èyí, owó rẹ̀ sì yàtọ̀; oníbàárà mìíràn sì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó dára kí a má fi ojú burúkú wo Ẹnjiníà jù. Ẹni tí ó kọ́kọ́ gbé ètò aṣàkóso sínú kọ̀ǹpútà náà ni ó jẹ̀bi, nítorí pé ní ọjọ́ náà, kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tí ì bá fi mọ ògiri sí i.

Irú ògiri bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun àràmàǹdà. Dísìkì kan ṣoṣo ni, a kò rà kún un. A kàn sọ fún un pé, láti ìhín dé ìhín, ìpín kan nìyí. Láti ìhín dé ìhín, ìpín kejì nìyí. Láti ìgbà náà lọ, kọ̀ǹpútà yóò máa lo ìpín méjèèjì bí ẹni pé dísìkì méjì ni wọ́n. A lè fọ́máàtì ọ̀kan kí a má fọwọ́ kan èkejì. Ètò aṣàkóso yóò wà nínú ọ̀kan, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni yóò wà nínú èkejì. Ní ọjọ́ tí ètò bá bàjẹ́, a ó gbá yàrá tirẹ̀ nìkan.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá parí síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ì bá sọ pé àwọn ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Àwọn tí ń lo Windows mọ C, wọ́n sì mọ D. Ọ̀pọ̀ Ẹnjiníà ní Kétu, àti àwọn ọ̀gá wọn ní Òtígbà ní Ìkẹjà, ni wọ́n máa ń pín dísìkì sí C àti D fún oníbàárà, wọn a sì ní kí ó máa kó iṣẹ́ rẹ̀ sí D. Ìmọ̀ràn tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń gbọ́? Bí akọ̀wé bá tẹ lẹ́tà tán, ojú kọ̀ǹpútà gan-an ni ó ń gbé e sí, níbi tí yóò ti tètè rí i. Tàbí kí ó fi í sílẹ̀ níbi tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ bá gbé e sí. Inú C sì ni ibi méjèèjì wà, àfi bí ẹnìkan bá ti ṣí wọn nípò. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, nígbà tí ìparun bá dé, a ó ṣí D wò, a ó sì bá a ní òfìfo, tàbí kí a bá fíìmù mẹ́ta nínú rẹ̀. Ògiri wà lóòótọ́. Ẹ̀yìn ògiri ni ẹrù wà.

Ibí yìí ni ọgbọ́n Linux ti yàtọ̀, òun gan-an sì ni ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ kọ́. Nínú Linux, kò sí C, kò sí D. Agboolé kan ṣoṣo ni ó wà, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó sì ní, èyí tí a ń fi ìlà kékeré tí ó dà gẹ́rẹ́ kọ, báyìí: /. Gbòǹgbò ni àwọn Òyìnbó ń pè é. Inú agboolé yìí ni gbogbo yàrá ṣí sí. Ọ̀kan nínú àwọn yàrá náà ni /home, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ilé. Níbẹ̀ ni olúkúlùkù ẹni tí ń lo kọ̀ǹpútà náà ní àyè tirẹ̀, níbẹ̀ ni ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà, níbẹ̀ sì ni lẹ́tà rẹ̀ ń lọ, ìbáà mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Nígbà tí a bá ń gbé Linux sínú kọ̀ǹpútà, a lè sọ fún un pé kí ó mú ìpín kejì, kí ó so ó mọ́ ojú /home. Ìsomọ́ yìí ni wọ́n ń pè ní mount. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí ó bá wọ yàrá yìí ti kọjá sí ìpín mìíràn lórí dísìkì, kò sì ní mọ̀. Kò sí ẹni tí yóò máa rán an létí pé kí ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ sí D. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń lọ tẹ́lẹ̀ náà ni a gbé ògiri yí ká. Ìwé kékeré kan wà nínú ètò náà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ /etc/fstab. Ìlà kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ ń sọ ìpín tí a ó so mọ́ yàrá kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà a sì máa kà á nígbàkígbà tí ó bá jí, kí ó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé. Kí a má fi ọ̀rọ̀ gùn, Windows náà lè ṣe irú èyí: a lè ṣí ibi tí ó ń kó ìwé sí lọ sínú D, láti ìgbà Windows 2000 ni a sì ti lè so ìpín kan mọ́ ojú àpò òfìfo kan nínú C. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn tó rí ẹni tí ó ń ṣe é.

Àṣà ìsomọ́ yìí ti pẹ́ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì tóbi bí kọ́bọ́ọ̀dù, ọwọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń gbé dísìkì, wọn a gbé e ka orí ẹ̀rọ tí ń yí i, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbé ìkòkò ka iná. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Ní ọdún 1969, Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ ètò aṣàkóso kan ní Bell Labs ní New Jersey ní Amẹ́ríkà, èyí tí a wá ń pè ní Unix, tí Linux sì tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Ìwé ìlò Unix àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 1971, mount sì ti wà lára àwọn àṣẹ inú rẹ̀. Dísìkì ìgbà náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí àwòrán kan ṣoṣo tí a fi fóònù yà lónìí fẹ́rẹ̀ẹ́ lè kún un. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ní láti fi dísìkì kan fún ètò, kí wọ́n sì fi òmíràn fún àwọn ènìyàn. Yàrá tí àwọn ènìyàn ń gbé nígbà náà ni wọ́n pè ní /usr. Nígbà tí ó yá, ètò dàgbà, kò gba inú yàrá rẹ̀ mọ́, ó sì ya wọ yàrá àwọn ènìyàn. Bí àlejò ti di onílé nìyẹn: lónìí, ètò ni ó kún inú /usr, àwọn ènìyàn sì ti kó lọ sí /home.

Ìtàn yìí wúlò, nítorí pé ó fi hàn pé kì í ṣe gbogbo ògiri ni ó yẹ kí ó dúró títí láé. Àwọn kan wà tí wọ́n ti ka ìwé àtijọ́ jù, tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá ń pín dísìkì, wọn a pín in wẹ́lẹwẹ̀lẹ bí ẹran ọdún: ti gbòǹgbò, ti /usr, ti /var, ti /tmp, ti /opt. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, yàrá kan á ti kún dé òrùlé, èyí tí ó kọjú sí i á sì ṣófo, ẹrù kò sì lè ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Àwọn tí ó ni Fedora wó ògiri tí ó wà láàrin /bin àti /usr ní ọdún 2012, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé wọn, nítorí pé ìdí tí a fi mọ ọ́n ti kú pẹ̀lú àwọn dísìkì kéékèèké ọdún 1971. Ubuntu pàápàá, tí Mark Shuttleworth ará Gúúsù Áfríkà dá sílẹ̀ ní ọdún 2004, kì í pín ilé sọ́tọ̀ bí a kò bá sọ fún un. Ohun gbogbo ni ó ń kó sínú ìpín ńlá kan. Èrò wọn ni pé ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kò gbọdọ̀ ṣi iye fún yàrá kankan. Èrò náà ní ọgbọ́n nínú fún ẹni tí ń gbé ibi tí iná kì í lọ, tí ó sì ń ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Fún ọlọ́jà ní Mile 12, kò tọ̀nà. Ọba ni ilé rẹ̀ ń jó tí ẹwà ń bù sí i.

Ìpín méjì tó fún kọ̀ǹpútà ilé, yàtọ̀ sí ìpín kékeré tí kọ̀ǹpútà òde òní fi ń jí. Bí dísìkì bá jẹ́ 500 GB, kí a fún ètò ní 60 tàbí 80, kí a fi gbogbo ìyókù fún /home. Ubuntu kò béèrè ju 25 GB lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fún un ní 25 péré yóò kábàámọ̀ rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ní kọ̀ǹpútà ńlá tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò pọ̀ nìkan ni ó yẹ kí ó ronú kan /var pẹ̀lú, nítorí pé níbẹ̀ ni ètò ti ń kọ ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ sí. Bí ìwé yìí bá ń gùn sí i láìsí ẹni tí ó ń bojú tó o, ó lè kún gbogbo dísìkì, kọ̀ǹpútà kò sì ní rí ibi kọ nǹkan mọ́. Iṣẹ́ gbogbo ènìyàn á dúró nítorí ẹnu ẹyọ ẹ̀rọ kan tí kò dákẹ́.

Nǹkan méjì ni ó máa ń kó ìtìjú bá àwọn tí ó ti gba ìmọ̀ràn yìí. Èkíní ni pé, ní ọjọ́ tí a bá ń gbé ètò tuntun wọlé, kọ̀ǹpútà yóò béèrè nípa ìpín kọ̀ọ̀kan bóyá kí òun fọ́máàtì rẹ̀. Fún ti gbòǹgbò, bẹ́ẹ̀ ni. Fún ti /home, rárá: kí ó kàn so ó mọ́ ojú rẹ̀. Ìka tí ó bá yára tẹ bẹ́ẹ̀ ni fún méjèèjì ti sọ ògiri di asán. Èkejì ni pé Linux kì í fi orúkọ mọ ẹni tí ó ni ìwé kan. Nọ́ńbà ni ó fi ń mọ̀ ọ́n. Ní Debian àti ní Ubuntu, ẹni àkọ́kọ́ tí a bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni ó ń gba 1000, ẹni kejì a gba 1001. Bí tọkọtaya bá jọ ń lo kọ̀ǹpútà kan, tí a sì forúkọ ìyàwó sílẹ̀ ṣáájú ní ìgbà kejì, ìwé ọkọ á di ti ìyàwó, ti ìyàwó á sì di ti ọkọ. Kò sí ohun tí ó sọnù, ṣùgbọ́n ariwo ilé náà kò ní kéré.

Àṣìṣe kan ṣẹ́kù tí ó tóbi ju wọ̀nyí lọ: kí ẹni tí ó ti pín dísìkì rẹ̀ rò pé ẹrù òun ti bọ́ lọ́wọ́ gbogbo ewu. Ìpín méjì lórí dísìkì kan, ara kan náà ni. Bí dísìkì bá kú, méjèèjì kú. Bí olè bá gbé kọ̀ǹpútà, ó gbé méjèèjì lọ. Àwọn ará Kòsọ́fẹ́ tí ń gbé ìhà Odò Ògùn mọ èyí ju ẹlòmíràn lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, lẹ́yìn tí a tú omi sílẹ̀ láti ìsédò Ọ̀yán, èyí tí a ti ń lò láti ọdún 1983, odò náà kún bo bèbè rẹ̀, ó sì wọ ilé àwọn ènìyàn ní Ajégúnlẹ̀ àti ní àwọn àdúgbò etí odò láàrin Mile 12 àti Ìkòròdú. Omi tí ó wọlé bẹ́ẹ̀ kò béèrè yàrá tí ó jẹ́ ti bàbá àti èyí tí ó jẹ́ ti ọmọ. Ohun tí ó bá wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tàbí nílé ẹ̀gbọ́n ní àdúgbò mìíràn, òun nìkan ni ó yè. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀dà iṣẹ́ ẹni ṣe yẹ kí ó wà lórí dísìkì mìíràn, nínú ilé mìíràn. Ìpín ọ̀tọ̀ tilẹ̀ ń mú ẹ̀dà ṣíṣe rọrùn, nítorí pé a ti mọ ibi tí ohun gbogbo wà: a kàn ń ṣe ẹ̀dà /home láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní alẹ́ Sátidé, a kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá lẹ́tà kiri abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Àwọn Ẹnjiníà Kétu àti Ìkòsì ni ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́wọ́ wọn jù, nítorí pé oníbàárà kì í mọ ohun tí yóò béèrè. Bí wọ́n bá ti pín dísìkì tán, tí wọ́n sì ti so ilé mọ́ ibi tí ó yẹ, kí wọ́n mú bébà kékeré kan, kí wọ́n kọ ìpín tí ó jẹ́ ti ètò, ìpín tí ó jẹ́ ti iṣẹ́ ẹni tí ó ni ín, àti bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti tóbi tó. Kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ kọ̀ǹpútà náà, kí Ẹnjiníà tí yóò tún ṣí i lẹ́yìn wọn lè rí i kà kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun.